Bíyì Bándélé: Òǹkọ̀wé àti Olùdarí Fíìmù

Bíyì Bándélé (13 Oṣù Kẹwàá 1967 – 7 Oṣù Kẹjọ 2022) jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti eré orí ìtàgé, ó sì tún jẹ́ olùdarí fíìmù. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Kafanchan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ́nù ló ti di gbajúmọ̀, Èkó ló kú sí. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì jọra lójú, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kó sinmi: kí ló ń kù lára ọmọ tí ogun àwọn àgbà já gbà kúrò nílé?

Ìlú rélùwéè ni Kafanchan. Ojú irin tó gbéra ní Port Harcourt pínyà níbẹ̀: ọ̀kan forí lé Kàdúná, èkejì gba ọ̀nà Jos lọ sí Maiduguri. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni iṣẹ́ kó wá síbẹ̀, Haúsá sì ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé lójú pópó. Nígbà tí wọ́n bí Bándélé, ogun abẹ́lé Nàìjíríà ti wọ oṣù kẹrin. Nínú ilé wọn gan-an, ogun mìíràn ṣì wà tí kò tíì tán. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn sójà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìtàn ogun náà sì ni ọmọ yìí gbọ́ dàgbà. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó gbégbá orókè nínú ìdíje ìtàn kúkurú. Èmi gbà pé Kafanchan ló yẹ kí a ti máa wá orísun iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe Lọ́ńdọ́nù.

Ní 1987 ló wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó lọ kọ́ nípa eré oníṣe. Eré rẹ̀ kan tí wọn kò tíì tẹ̀, Rain, gba ẹ̀bùn nínú ìdíje àgbáyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1989. Ní ọdún kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó kó ìwé àfọwọ́kọ méjì sí i, ó gba Lọ́ńdọ́nù lọ. Méjèèjì jáde ní 1991: The Man Who Came In from the Back of Beyond àti The Sympathetic Undertaker. Royal Court Theatre gbé iṣẹ́ fún un, ọ̀nà sì là. Ó sọ Things Fall Apart ti Chinua Achebe di eré orí ìtàgé ní 1997. Ní 1999, Royal Shakespeare Company ṣe Oroonoko rẹ̀, tó gbé karí ìwé tí Aphra Behn kọ ní 1688 nípa ọmọ ọba Áfíríkà kan tí wọ́n tà lẹ́rú sí Suriname. Ọdún yẹn náà ni The Street jáde, ìtàn àròsọ nípa Brixton ní gúúsù Lọ́ńdọ́nù.

Burma Boy (2007) ni mo kà sí èyí tó dára jù nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ọmọdé ni Ali Banana tí ìtàn náà dá lé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ gba iṣẹ́ sójà, òun náà kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ló bá parọ́ ọjọ́ orí. Kò bá ará Japan kankan jà rí láyé rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti wà nínú igbó Bọ́mà ní 1944 láàárín àwọn Chindit, ọmọ ogun tí Orde Wingate kó jọ láti máa jà lẹ́yìn ìlà ọ̀tá. Ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní White City ni wọ́n há mọ́, tí àwọn ará Japan sì ń ya lù wọ́n.

Bí àwọn sójà náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ló wú mi lórí jù. Haúsá ni èdè àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, Bándélé sì kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́nà tí etí fi ń gbọ́ Haúsá nínú rẹ̀: yẹ̀yẹ́, ìbúra, orúkọ ìnagijẹ, àpọ́nlé tí wọ́n ń fún ẹni tó jù wọ́n lọ. Ali kì í panu dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, títí igbó fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló lọ sí ogun yẹn tí àwọn ìwé ìtàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ Haúsá dàgbà ní Kafanchan, tó sì jókòó sí Lọ́ńdọ́nù, ló wá fún wọn ní ohùn. Bó ṣe jẹ́ Yorùbá kò ní kó má jẹ́ ọmọ Kafanchan. Bó ṣe di ará Lọ́ńdọ́nù kò ní kó gbàgbé méjèèjì.

Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó darí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ rẹ̀, Half of a Yellow Sun (2013), láti inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie. Ogun tí wọ́n ń jà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí i ló dá lé. Ní Calabar àti Creek Town ni wọ́n ti ya á. Chiwetel Ejiofor àti Thandiwe Newton wà nínú rẹ̀, John Boyega sì ni Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ogun fipá sọ di sójà. Oṣù Kẹrin 2014 ló yẹ kí fíìmù náà jáde ní Nàìjíríà, àmọ́ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò dá a dúró, ó di oṣù Kẹjọ kí aráàlú tó rí i. Ogun tó parí láti 1970 ṣì ń ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fifty (2015) àti Blood Sisters (2022), tí òun àti Kenneth Gyang jọ darí fún Netflix.

Ẹlẹ́ṣin Ọba ló ṣe kẹ́yìn. Inú Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975 ló ti mú un. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó wáyé ní Ọ̀yọ́ ni Ṣóyínká gbé eré náà kà. Dúró Ládípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe Ọba Wàjà ṣáájú rẹ̀, ní 1964. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká kọ, àmọ́ òwe àti àfiwé Yorùbá kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bándélé dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá. Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin, Shaffy Bello ni Ìyálọ́jà, Brymo sì ni Olóhùn-Iyọ̀, onírárà rẹ̀. Nígbà tí Olóhùn-Iyọ̀ bá ń tọ́ Ẹlẹ́ṣin wò lọ́jà bóyá yóò lè tẹ̀ lé ọba rẹ̀ tó ti wàjà lọ lóòótọ́, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé kankan. Àwọn kan ní fíìmù náà ṣì jọ eré orí ìtàgé jù, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí àwọn ibì kan wà tí kámẹ́rà kàn dúró tó ń wo àwọn òṣèré. Síbẹ̀, kò sí ìgbà kankan tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Olúǹdé sì tún wà níbẹ̀, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú Òyìnbó, tó padà wá san gbèsè tí bàbá rẹ̀ kò lè san.

Àjọ̀dún fíìmù Toronto ni Ẹlẹ́ṣin Ọba ti kọ́kọ́ hàn, ní oṣù Kẹsàn-án 2022. Bándélé ti kú ní oṣù tó ṣáájú, ní ẹni ọdún 54.

Ìtàn àròsọ kan ló fi sílẹ̀, Yorùbá Boy Running, nípa Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn akónilẹ́rú mú Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Crowther àgbà ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ẹni iyì tó túmọ̀ Bíbélì, tí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bándélé kò fi bíṣọ́ọ̀bù ṣe olórí ìtàn. Ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ló mú, ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti Ali Banana, ó sì jẹ́ kí a rí i pé ọmọ náà kò kúrò lára àgbàlagbà yẹn títí dọjọ́ alẹ́. Ìwé náà jáde ní 2024, Wọlé Ṣóyínká ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.