Boris Diaw: Ọmọ Faransé Tó Fẹ́ràn Àtigbé Bọ́ọ̀lù Fúnni

Tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Faransé tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Tony Parker ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Láyé ìsinsìnyí, Victor Wembanyama ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Boris Diaw kì í tètè wá sí wọn lọ́kàn, kò sì yà mí lẹ́nu. Iye pọ́ìntì téèyàn jù sáwọ̀n ni òǹwòran ń kà, bẹ́ẹ̀ ní ti Diaw, kó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kó jù ú fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1982 ni wọ́n bí i ní Cormeilles-en-Parisis, ìlú kan tí kò jìnnà sí Paris. Issa Diaw, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó gbóná nínú eré ìfòsókè. Élisabeth Riffiod, ìyá rẹ̀, wà lára àwọn obìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá jù lọ nílẹ̀ Faransé. Ó lé ní ìgbà 200 tó wọ aṣọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bọ́mọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Kíjìpá ni Boris jọ.

Agbègbè Bordeaux ló ti dàgbà kó tó lọ sí INSEP ní Paris, níbi tí ìjọba ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá jọ láti kọ́ wọn. Ibẹ̀ lòun àti Tony Parker àti Ronny Turiaf ti di ọ̀rẹ́. Lọ́dún 2000, wọ́n wà nínú ikọ̀ Faransé tó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù ní Zadar, lórílẹ̀-èdè Croatia. Lẹ́yìn náà ni Diaw gbá bọ́ọ̀lù fún Pau-Orthez, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba líìgì ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2003.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Atlanta Hawks mú un. Òun ni ẹni 21 tí wọ́n pè lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣa àwọn ọ̀dọ́. Àmọ́ Atlanta ò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Diaw ga tó mítà 2.03, síbẹ̀ ó ní ojú àti ọwọ́ àwọn kúkúrú tó ń darí eré. Nínú sáà 2004 sí 2005, pọ́ìntì 4.8 péré ló ń rí nínú eré kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹgbẹ́ náà borí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá péré nínú eré 82. Nígbà tí Atlanta fẹ́ gba Joe Johnson lọ́wọ́ Phoenix Suns lóṣù Kẹjọ ọdún 2005, wọ́n fi Diaw kún ohun tí wọ́n fi gbà á. Ẹ̀ẹ̀nì ni wọ́n kà á sí.

Ní Phoenix, orúnkún Amar'e Stoudemire ti bàjẹ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Mike D'Antoni bá fi Diaw síwájú àwọ̀n, níbi tí àwọn òmìrán ti ń jìjàkadì. Ó ń fa àwọn òmìrán náà jáde, á sì gbé bọ́ọ̀lù gba àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀. Pọ́ìntì rẹ̀ fò sí 13.3, ó ń kó bọ́ọ̀lù 6.9 tó tàsé, ó sì ń gbé 6.2 fún ẹni tó jù ú wọlé. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó tẹ̀síwájú jù lọ lọ́dún náà.

Ẹni tó bá rò pé kò mọ bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n, kó wo eré àkọ́kọ́ láàárín Phoenix àti Dallas lóṣù Karùn-ún ọdún 2006. Pọ́ìntì 34 ló rí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un nítòsí àwọ̀n, ó kẹ̀yìn sí Jerry Stackhouse, ó yí padà, ó jù ú, ó wọlé. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló kù. Phoenix borí, 121 sí 118, ṣùgbọ́n Dallas ló padà gbẹ̀yìn wọn nínú eré mẹ́fà.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2008, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Charlotte. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ara rẹ̀ tóbi sí i, àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀lẹ, ọ̀rọ̀ òun àtàwọn ọ̀gá rẹ̀ ò sì wọ̀ mọ́. Nínú sáà 2011 sí 2012, Charlotte borí ẹ̀ẹ̀méje nínú eré 66, èyí tó burú jù nínú ìtàn NBA. Ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló ní kí Diaw máa lọ.

Ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Lóṣù Kẹta ọdún 2012, San Antonio Spurs gbà á wọlé, níbi tí Parker ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré lábẹ́ Gregg Popovich. Miami fi eré keje àṣekágbá gba ife NBA lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2013. Ọdún kejì, wọ́n tún pàdé, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ti borí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí Popovich tó fi Diaw ṣáájú Tiago Splitter nínú eré kẹta. Àtìgbà náà ni Miami ò rí ọ̀nà gbà mọ́. Bọ́ọ̀lù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi bá ẹni tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. San Antonio borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀kan. Kawhi Leonard, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú àṣekágbá náà, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n pọ́ìntì 6.2 péré ni Diaw ń rí nínú eré kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù fúnni tó o nínú ẹgbẹ́ náà. Lójú tèmi, ìpàdé yẹn yí padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará San Antonio ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí Diaw fi máa ń po kọfí nínú yàrá ìmúra. Nígbà tó tún ìwé àdéhùn ṣe, wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ tó máa gbà bí ara rẹ̀ ò bá wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fẹnu kò sí.

Ó ṣe balógun ikọ̀ Faransé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ní Òlíḿpíìkì London lọ́dún 2012, wọ́n pàdé D'Tigers Nàìjíríà tí Ayọ̀délé Bákàrè ń kọ́, tí Olúmìdé Oyèdèjì sì jẹ́ balógun wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọkùnrin wa máa dé Òlíḿpíìkì nínú eré yìí nìyẹn, Faransé ò sì rí wọn mú bọ̀rọ̀: 79 sí 73. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ní Ljubljana, Faransé na Lithuania ní 80 sí 66, wọ́n sì gba ife Yúróòpù àwọn ọkùnrin fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Parker ò lọ sí ife àgbáyé, Diaw ló kó àwọn ọ̀dọ́ sẹ́yìn. Wọ́n lé Sípéènì tó gbàlejò ìdíje náà lọ sílé ní Madrid, 65 sí 52, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ.

Ó lo sáà kan ní Utah, ó padà sílé sí Levallois, ó sì fẹ̀yìn tì lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 nínú fídíò kan tí òun, Parker àti Turiaf jọ ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó fẹ́ràn òkun gidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá tó ń bójú tó ikọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Faransé. Ipò yẹn ló wà nígbà tí ikọ̀ náà dé àṣekágbá Òlíḿpíìkì ní Paris lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, tí Amẹ́ríkà fi 98 sí 87 borí wọn, tí wọ́n sì gba fàdákà.