Ta Ló Dá Báàgì Àgbékọ́yìn Sílẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó lọ sùn fún ọjọ́ mẹ́ta lónìí, tòun ti ọ̀bẹ, àáké, ìkòkò àti aṣọ ìbora, yóò bá oríṣiríṣi báàgì àgbékọ́yìn lórí àtẹ: èyí tí férémù irin rẹ̀ wà níta, èyí tí tirẹ̀ fara sin sínú aṣọ, èyí tó ní bẹ́líìtì ìbàdí tó nípọn, àti èyí tí kò ní ju okùn èjìká méjì lọ. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa wọn kúrú, kò sì ṣòro láti há sórí. Ole Bergan, ará Norway, gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dá ẹni tó hùmọ̀ nǹkan mọ̀, lórí báàgì oníférémù ní 1909. Lloyd Nelson gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1924. Dick Kelty bẹ̀rẹ̀ sí í ta onípáìpù álúmíníọ̀mù ní 1952, Greg Lowe sì fi férémù pamọ́ sínú aṣọ ní 1967. Bí a bá gba ìtàn yìí bó ṣe wà, a ó máa rò pé báàgì ń dára sí i láti ọwọ́ ọlọ́gbọ́n kan sí òmíràn, èyí tó dé kẹ́yìn ni kí ènìyàn sì rà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹrù rírù jẹun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, kálukú gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí àwọn onípátẹ́ǹtì ṣe ni pé wọ́n sọ ọgbọ́n alárù di ohun tí ẹni tí kò ru ẹrù rí lè gbé.

Férémù fúnra rẹ̀ ti wà láyé ọjọ́un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, àwọn arìnrìn-àjò méjì rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín lórí àwọn òkè Alps, níbi ààlà Ítálì àti Austria. Àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti tó nǹkan bí 5,300 ọdún tó ti kú. Lára àwọn ohun tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá igi kan tó gùn tó nǹkan bí mítà méjì, tí wọ́n tẹ̀ kó kọdọrọ, àti pákó pẹlẹbẹ méjì tó jọ pé wọ́n fi dábùú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé férémù ẹrù ni. Àwọn kan ní ó lè jẹ́ pé bàtà tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín ló já. Iyàn wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi ọkùnrin yìnyín sílẹ̀ fún wọn, àwọn ará Kòríà ṣì wà níbẹ̀. Igi ẹlẹ́ka méjì tí wọ́n dè pọ̀, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì sún mọ́ra lókè, ni àwọn àgbẹ̀ wọn ń gbé kọ́ èjìká láti fi kó igi ìdáná àti koríko. Ọ̀pá kan máa ń bá a rìn, tí wọ́n fi ń tì í ró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sinmi. Nígbà ogun 1950 sí 1953, igi yìí ni àwọn alárù Kòríà fi gbé ọta ìbọn àti oúnjẹ gun àwọn òkè tí mọ́tò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò lè dé.

Ibi tí ẹ̀rí ti pọ̀ jù ni àríwá Amẹ́ríkà. Kí àwọn òyìnbó tó dé ibẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ti ń fi okùn awọ fífẹ̀ kan ru ẹrù: àárín okùn á wà níwájú orí, etí rẹ̀ méjèèjì á so mọ́ ẹrù tó jókòó sí ẹ̀yìn. Nígbà tí òwò awọ ẹranko beaver, tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ ṣe fìlà ní Yúróòpù, gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, okùn yìí ni àwọn atukọ̀ ọmọ Faransé ní Kánádà kọ́ láti lò. Níbi tí odò bá ti di òkúta tàbí tó ń tàkìtì, wọ́n á gbé ọkọ̀ àti ẹrù gba orí ilẹ̀ kọjá. Ìdì ẹrù kan wọn nǹkan bí kílò 41, méjì ló sì jẹ́ ti alárù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Grand Portage, lẹ́bàá adágún Superior, irú ọ̀nà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní kìlómítà 13. (Kílò 82, nínú ẹrọ̀fọ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọn lójú!) Kí ló dé tí wọn kò fi dè é mọ́ ìbàdí? Nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ létí odò, alárù á kàn ju orí sẹ́yìn, ẹrù á sì já bọ́ láìgbé e lọ. Ẹni tí ẹrù bá dì mọ́ lára kò rí àǹfààní yẹn.

Àwọn kan á ní ìyà lásán nìyẹn, pé àìní ló jẹ́ kí wọ́n máa fi ọrùn ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Ní 1986, ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan jáde lórí àwọn obìnrin Kẹ́ńyà: àwọn Luo, tí wọ́n ń gbé ẹrù karí bí àwọn alárù tiwa ṣe ń fi òṣùká gbé e, àti àwọn Kikuyu, tí wọ́n ń lo okùn iwájú orí. Àti Luo àti Kikuyu ló ń ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára ju ti ìgbà tí ọwọ́ wọn ṣófo. Ní 2005, ìwé ìròyìn Science sọ ti àwọn alárù Nepal, tí ẹrù àwọn ọkùnrin wọn sún mọ́ ìwọ̀n ara wọn, tí agbára tí wọ́n sì ń lò kéré ju ti àwọn òyìnbó tó gbé báàgì àgbékọ́yìn. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi èyí ṣe fáàrí. Láti kékeré ni irú ọrùn bẹ́ẹ̀ ti ń gbó, ìpá sì wà lára àrùn tó ń bá àwọn atukọ̀ Kánádà jà. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi okùn kọ́ iwájú orí lónìí, ọrùn á dùn ún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àlejò yìí ni àwọn onípátẹ́ǹtì ń ránṣọ fún. Camille Poirier, arán-bàtà ọmọ Faransé Kánádà tó tẹ̀dó sí Duluth ní ìpínlẹ̀ Minnesota, gba pátẹ́ǹtì ní 1882 lórí àpò kánfáàsì tó ní okùn èjìká méjì. Kò yọ okùn iwájú orí kúrò. Ó kàn fi èjìká kún un. Ó tilẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n á máa ki agboòrùn bọ̀, tí èèyàn á fi mọ irú oníbàárà tó ní lọ́kàn. Ní ti Nelson, Alaska ló lọ ní nǹkan bí 1920, ó sì yá báàgì onílẹ̀ kan níbẹ̀: awọ ẹran omi tí wọ́n nà mọ́ ọ̀pá igi. Ó dé ilé, ó fi pákó ṣe férémù rẹ̀, ó na kánfáàsì sí i kí igi má bàa gún ẹ̀yìn, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba Amẹ́ríkà sì rà á. Orúkọ Nelson ló wà lára báàgì náà títí dòní. Ẹni tó yá a ní báàgì kò lórúkọ nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí á mú Kelty jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kelty ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàálù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ páìpù álúmíníọ̀mù. Nena ìyàwó rẹ̀ ló ń rán àpò náà nínú ilé wọn ní Glendale, California. Wọ́n ní nígbà tí Kelty ki ìdí férémù bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ló rí i pé ẹrù kúrò léjìká, ó bọ́ sí ìbàdí. Bẹ́líìtì tó tẹ̀ lé èyí mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì bá wọ igbó láé wọ igbó. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Henry Merriam, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, ti ṣe báàgì tó ń fi ọ̀pá igi gbé ẹrù lé bẹ́líìtì ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Èrò náà kò yí padà. Irin tó fúyẹ́ àti oníbàárà tó ní ìsinmi lọ́dọọdún ló dé. Ní 1963, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gun Everest dé òkè, báàgì Kelty wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n alárù Nepal bí 900 ló kó ẹrù dé ìsàlẹ̀ òkè náà, okùn níwájú orí.

Lowe ní tirẹ̀ ń wá báàgì fún àwọn tó ń rọ̀ mọ́ àpáta, nítorí férémù ìta máa ń mì lẹ́yìn wọn. Tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀yìn sì ń gbóná. Òun ló gba ọjà báyìí, ṣé ó wá yẹ kó gba igbó pẹ̀lú? Aṣọ náílọ́ọ̀nù rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìtàpárá iná kan á lu ú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ iná ni ẹni tó ń fi ọ̀bẹ àti àáké gbé inú igbó ń sùn. Nítorí èyí ni kánfáàsì kò ṣe tíì kú, tí ilé iṣẹ́ Savotta ní Finland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 pẹ̀lú ohun èlò àwọn agégi, ṣì ń rí báàgì oníférémù ìta tà. Lóòótọ́, kánfáàsì ń mumi, ó sì wúwo kí ẹrù tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rin kìlómítà 25 lóòjọ́, kó fi í sílẹ̀. Ẹni tí yóò rin wákàtí méjì péré kó tó pàgọ́ lè gbé e, lítà 40 sì máa ń tó o fún òru méjì bí kò bá sí òtútù.

Báàgì Poirier ni mo rí pé ó jẹ́rìí fún mi jù. Ilé iṣẹ́ tó rà á ní 1911 ṣì ń rán irú rẹ̀ ní Duluth. Ó fẹ̀, ó rẹlẹ̀, kò ní férémù, ẹni tó bá fi wé ti Lowe á ní ó ti di ẹrù àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ló ti ń rin ọ̀pọ̀ jù nínú ìrìn-àjò rẹ̀ lórí àwọn adágún Minnesota, níbi tí férémù gíga kò ti ráyè jókòó, orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé e gbà kì í sì í gùn púpọ̀. Wọ́n ṣì ń ta okùn iwájú orí fún un, lọ́tọ̀, fún ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá gbà á.