Láti Abraham Adésànyà sí Lekki: ìtàn tó wà lójú ọ̀nà tí à ń sá

Eré sísá la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe bí ikùn ṣe ń wọlé. Ìtàn ni.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la jọ máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé. Àyíká Abraham Adésànyà Estate, lápá Ajah, la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì dorí kọ Lekki. Níbi tí ọ̀nà oníyanrìn bá ṣì wà láàárín àdúgbò, òun la máa ń gbà. Níbi tó bá parí, a ó jáde sí etí òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, a ó máa sá fún kòrópe àti ọ̀kadà.

Ẹni tó ń gbé Èkó mọ ooru tí mò ń wí. Oòrùn ò tíì yọ, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Òógùn ló yẹ kó tu ara lára, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá gbẹ kúrò lára ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí omi bá ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní gbẹ, ooru inú ara á sì máa ga sí i. Ìdí nìyẹn tí kìlómítà 10 níbí fi ń ṣe ara bíi 15.

Níbo ni omi inú afẹ́fẹ́ yìí ti wá? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù yín. Ọ̀sà wà lápá àríwá wa, òkun wà lápá gúúsù, irà ló sì pọ̀ jù láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn apá ibí yìí, kó tẹ̀ lé irà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú orúkọ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kọ́ńdọ́ ń pariwo "Abraham Adésànyà!" bí ẹni ń pe ọjà. Ta ni bàbá náà? Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1922. Lọ́yà ni, ó sì di sẹ́nétọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN nígbà Ìṣèlú Alágbádá Kejì. Nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari yan Adájọ́ Victor Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ elétò ìdìbò FEDECO, Adésànyà ní ìyànsípò náà kò bá òfin mu. Ó takò ó nílé aṣòfin, kò ṣiṣẹ́. Ó bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ́dún 1981. Wọn ò dá a láre. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án tó láti pe ẹjọ́: kò ní ibi tí yóò dúró sí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ló mọ ẹjọ́ yẹn, torí òun ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní *locus standi*.

Ibi tí wọ́n ní kò ní láti dúró sí yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni ìyókù. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha, Adésànyà wà lára aṣáájú NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìbò June 12. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1997, wọ́n rọ̀jò ọta ìbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ l'Ékòó. Orí kó o yọ. Ó ṣe olórí Afẹ́nifẹ́re, ó sì jáde láyé lọ́dún 2008.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa sá lọ. Tí a bá kọjá Ajah, à ń lọ sí Ikota; tí a bá tún lọ síwájú, Ilasan nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ẹ̀sítéètì lásán ni. Ẹ gbọ́ o: lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Maroko.

Maroko wà lórí irà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Lóṣù Keje ọdún 1990, gómìnà ológun Èkó, Raji Rasaki, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti kó ẹrù wọn. Lọ́jọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọlé. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé omi lè gbé wọn lọ. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n fún ní ilé sí Ilasan àti Ikota. Lónìí, Victoria Island Extension àti Oniru là ń pe ibẹ̀, àwọn ilé olówó gọbọi ló sì wà lórí irà tí wọ́n ní kò dára fún ẹ̀dá láti gbé.

Lọ́dún 1990 yẹn kan náà ni Lekki Conservation Centre bẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S.L. Edu dá sílẹ̀ lọ́dún 1980. Hẹ́kítà 78 ni wọ́n dá sí: igbó, irà, ọ̀bọ, ọ̀nì. Afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015, gùn ní mítà 401. Tí a bá dé ẹnu géètì, a ti mọ̀ pé igi wà nítòsí. Òjìji ń bẹ, ara á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Mi ò sọ pé ìkan ló fa ìkejì. Ohun tí mò ń sọ ni pé lọ́dún kan ṣoṣo, ẹnì kan wo irà kan, ó rí ohun tó yẹ ní pípamọ́. Ẹlòmíràn wo irà kejì, kò rí èèyàn tó wà lórí rẹ̀.

Títí di òní, irà náà là ń dí. Eré-ìje kìlómítà 42 ti Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, Abraham mìíràn ló gbà á, Abraham Kiptum ará Kenya. Láti pápá ìṣeré Surulere ni wọ́n ti gbéra, Eko Atlantic ni wọ́n parí sí: ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn gbà lọ́wọ́ òkun.

Èyí kàn wá gan-an. Tí wọ́n bá fi iyanrìn dí irà, omi òjò kì í ríbi lọ, a sì ń rí i lójú títì wa. Tí wọ́n bá gé igi, òjìji tán. Tí wọ́n bá mọ ògiri, ọ̀nà ẹsẹ̀ di ọ̀nà ẹni tó ní géètì, èmi àti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ á sì jọ wà létí márosẹ̀. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá tó. Ẹni tí òógùn rẹ̀ ń kán sórí ilẹ̀ kan, ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ò kàn án ni?

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ sáré, ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ mú omi dání, ẹ má dá lọ. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ̀rẹ́ yín, ẹ dúró, ẹ wá òjìji fún un. Kí ẹ sì bi àwọn àgbà àdúgbò ohun tó wà níbẹ̀ kí ilé tó dé. Ó dìgbà o.