Lẹ́tà Gbígbó àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Ẹ ti rí wọn lára pósítà fíìmù: lẹ́tà gàdàgbà tó dà bíi pé ó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti jẹ, tí íǹkì ò sì dé gbogbo ara rẹ̀. Níbo ló ti ṣẹ̀?

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú un gbó. Ní 1827, Darius Wells ní New York bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gbẹ́ lẹ́tà ńlá sára igi lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́tà òjé tó bá tóbi máa ń wúwo, ó sì wọ́n. Ti igi fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sì gani lára. Ní 1834, William Leavenworth fi ẹ̀rọ pantograph kún un, wọ́n wá lè fi àwòrán lẹ́tà kan ṣoṣo gbẹ́ oríṣiríṣi ìwọ̀n. Ìpolówó ọjà àti ti eré ni wọ́n ń fi wọ́n tẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, igi ń họ, ó ń sán, àpá rẹ̀ sì ń hàn lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, lẹ́tà wá mọ́ tónítóní jù lójú àwọn kan. Ni wọ́n bá ń wá àpá kiri! Ní 1991, Erik van Blokland, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé Trixie jáde: lẹ́tà táípúráítà àtijọ́ tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀ ló sọ di fọ́ǹtì. Látìgbà náà, àbàwọ́n ti di ẹ̀ṣọ́.

Kí ló wá kan Yorùbá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Bí íǹkì bá ta sábẹ́ "o" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àbàwọ́n lásán ni. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́tà mìíràn ni. Oko lè di ọkọ, owó lè di ọwọ́. Ohùn wọn bára mu, àmì abẹ́ nìkan ló yà wọ́n. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìṣòro kejì tún wà. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní. Àmì méjì la ń so pọ̀ ká tó rí wọn. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ò bá pèsè sílẹ̀ fún un, àmì ohùn á fò kúrò lórí lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì ò bá tiẹ̀ ní ẹ rárá, kọ̀ǹpútà á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, á wá dá yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù bí àlejò tó wọ aṣọ àlà wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya pósítà, mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó. Ẹ fi àpá sínú ara lẹ́tà, ẹ má fi sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àmì abẹ́ tóbi, kó dúró gbọn-in. Kí lẹ́tà gbó kò burú. Kí ọ̀rọ̀ má ṣe yí padà ni.