Bátànì 23: Ohun Tí Àwọn Akọ̀wé Ètò Kọ̀ǹpútà Yá Lọ́wọ́ Ayàwòrán Ilé

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń jiyàn lórí bátànì: ṣé ó wúlò fún iṣẹ́ ojúmọ́ ni, àbí ẹrù lásán ni? Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, ibẹ̀ kò sì sí nítòsí kọ̀ǹpútà rárá.

Ayàwòrán ilé ni Christopher Alexander, olùkọ́ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley. Ní 1977, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé A Pattern Language jáde. Bátànì 253 ló wà nínú rẹ̀, láti orí ètò ìlú títí dé orí fèrèsé, kí ará ilé lè fúnra rẹ̀ ṣètò ibùgbé rẹ̀. Ní 1987, Kent Beck àti Ward Cunningham mú èrò yìí wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 1994, Erich Gamma, Richard Helm, Ralph Johnson àti John Vlissides tẹ Design Patterns jáde, bátànì 23.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sọ pé àwọn dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀jáfáfá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì sọ lórúkọ. Orúkọ yìí gan-an ni èrè ìwé náà. Bí ẹnì kan bá dárúkọ Observer, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé apá kan ètò ni yóò máa kéde àyípadà, tí àwọn yòókù yóò sì máa gbọ́. Àlàyé gígùn ti parí.

Wàhálà dé nígbà tí bátànì di àkọ́sórí. Ní 1996, Peter Norvig fi hàn pé 16 nínú 23 ni yóò rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ó tilẹ̀ pòórá, nínú àwọn èdè bíi Lisp àti Dylan. Àléébù èdè, pàápàá C++, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dí. Iterator tí ìwé náà fi odindi orí ọ̀rọ̀ kan ṣàlàyé ti di ìlà kan ṣoṣo nínú Python. Ta ló tún ń pè é ní bátànì? Singleton, tí kì í jẹ́ kí ohun kan ní ju ẹ̀dà kan lọ nínú ètò, rọrùn láti kọ́, ó sì rọrùn láti ṣì lò. Ní 2009, Gamma fúnra rẹ̀ ní òun fara mọ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó ń kọ ètò ìsanwó fún ilé ìtajà kan kò nílò bátànì kankan bí owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Bí káàdì bá dé, tí sísanwó láti báǹkì sí báǹkì tún tẹ̀ lé e, yóò ya ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí ọ̀kan má baà ba èkejì jẹ́. Strategy ni ìwé 1994 pe ìyẹn, ì báà jẹ́ pé kò kà á rí.