Chike Obi, Fermat, àti Ìlà Tó Tẹ̀

Ọkọ̀ tí kò tètè dé ló fa ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo dúró sí ibùdókọ̀ Pleasure, létí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, mò ń retí ọkọ̀ Ìyànà Ìpájà. Fẹ́ńdọ̀ kan tẹ́ ìwé ìròyìn sí ẹ̀gbẹ́ mi, àwọn tó máa ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ sì ti yí i ká bí ìṣe wọn. Wọn kì í rà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í dá sí. Èsì ìdánwò WAEC ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni bàbá kan tó dé fìlà abetí ajá ti mú ọ̀rọ̀ sọ: “Ẹ̀yin ọmọ yìí ò mọ ìtàn. Chike Obi, ọmọ Nàìjíríà, òun ló yanjú ìṣirò Fermat tó da àwọn Òyìnbó láàmú fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé!” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká ní, “Ẹ má bínú o, bàbá, Andrew Wiles ni. Òyìnbó ni.” Bàbá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Ẹ̀yin! Ohun tí Òyìnbó ò bá ti ṣe, kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú tiyín.”

Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan gbè sẹ́yìn bàbá, àwọn kan gbè sẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọkọ̀ mi dé, mo wọlé, mo bá tèmi lọ. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. C6 ni mo gbà nínú ìṣirò, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí èmi náà ti gbọ́ ìtàn Chike Obi yẹn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ láti ìgbà náà. Mo wá lọ wádìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Fermat bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ ni Pierre de Fermat ní ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé. Ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé pé 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, tí a bá sì ro méjèèjì pọ̀, 25 la ó ní, èyí tó jẹ́ 5 lọ́nà 5. Irú nọ́ńbà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ní nǹkan bí ọdún 1637, Fermat kọ ọ́ sí etí ìwé kan tó ń kà pé tí a bá sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, tàbí iyekíye tó bá ti ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kò ní sí odidi nọ́ńbà mẹ́ta tó lè bára mu bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní òun ní ẹ̀rí rẹ̀, àyè etí ìwé ni kò gbà á. Ó kú ní 1665, ọmọ rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1670, kò sì sẹ́ni tó rí ẹ̀rí ọ̀hún títí dòní.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé àbá yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Àbá ni Fermat fi sílẹ̀. Fún ẹ̀ẹ̀mẹrin, òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rí sílẹ̀; Euler ṣe ti ẹ̀ẹ̀mẹta; àwọn mìíràn ń mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò lópin. Àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta: ó tó ìgbà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibòmíràn pátápátá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wá. Ẹ fọkàn bá mi lọ díẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò dé SS2 mọ sine àti cosine. Ẹ ronú kan èèrà tó ń rìn yí etí àwo róbótó ká. Sine àti cosine ló ń sọ ibi tó dé fún wa. Tó bá yí àwo náà ká tán, ó tún padà síbi tó ti gbéra, iye tí àwọn méjèèjì ń sọ a sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́. Fọ́ńkíṣọ̀n ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: o fún un ní nọ́ńbà kan, ó dá òmíràn padà fún ọ. Àwo róbótó kò ṣòro. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn etí àwo tó gùn bí ẹyin, tàbí ìlà tó rí bíi 8 tí a dá dùbúlẹ̀. Sine ò tó o mọ́. Ní 1718, ará Ítálì kan, Fagnano, rí bí a ṣe lè sọ gígùn apá kan lára ìlà onírú 8 yẹn di ìlọ́po méjì. Ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ Euler ní Berlin ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1751, Jacobi sì pe ọjọ́ yẹn ní ọjọ́ ìbí ẹ̀ka ìmọ̀ náà nígbà tó yá.

Ọmọ Norway kan tó ń jẹ́ Niels Abel ló wá yí ìbéèrè náà po. Dípò kó máa béèrè pé báwo ni ìlà náà ṣe gùn tó láti ibí dé ibẹ̀ yẹn, ó ní kí wọ́n fún òun ní gígùn, kí òun sọ ibi tí ó parí sí. Bó ṣe yí i po báyìí, ó rí fọ́ńkíṣọ̀n tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ọ̀nà méjì. Mi ò rí àpèjúwe tó dára ju àdìrẹ lọ. Sine dà bí ìgbátí aṣọ tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà kan náà ṣe láti òpin kan dé ìkejì. Ti Abel dà bí odidi àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó jẹ́ pé ọnà kan ṣoṣo ni wọ́n yà kún un: bí o bá lọ sọ́tùn-ún, ọnà kan náà, bí o bá sọ̀kalẹ̀, ọnà kan náà. Ẹ gé ojú ọnà kan ṣoṣo jáde. Ẹ rán etí òsì mọ́ etí ọ̀tún, ó di páìpù. Ẹ tẹ páìpù náà, kí ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀, ó di tíúbù tó wà nínú táyà, irú èyí tí fọ́kanáísà ń rì sínú omi láti wá ibi tó ti jò. Weierstrass àti Riemann ló wá là á yé ayé lẹ́yìn Abel pé tíúbù yìí àti ìlà kan tó tẹ̀, èyí tí y lọ́nà y bá ti dọ́gba pẹ̀lú x tí a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àwọn èèpẹ́rẹ́ kan, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ojú kọ̀ọ̀kan lára tíúbù ń fún wa ní x àti y kọ̀ọ̀kan lórí ìlà náà, bí sine àti cosine ṣe ń ṣe fún àwo róbótó.

Abel ò jẹ nínú rẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ sí Paris ní 1826, wọ́n fà á lé Cauchy lọ́wọ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn sì gbé e tì. Òtòṣì ni Abel, ikọ́ ife sì ń jà á. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1829, ọmọ ọdún 26. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Crelle kọ lẹ́tà sí i láti Berlin pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Mo ka ibẹ̀ yẹn tán, mo pa fóònù mi dé fún ìgbà díẹ̀. Ọdún 1841 ni wọ́n tó tẹ ìwé tó gbé lọ sí Paris jáde.

Kí ló kan Fermat nínú èyí? Ní 1955, níbi àpérò kan ní ilẹ̀ Japan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Yutaka Taniyama dá àbá kan, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Goro Shimura tún ṣe lẹ́yìn náà: pé gbogbo irú ìlà tó tẹ̀ báyìí tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò le, fọ́ńkíṣọ̀n mìíràn kan wà tó lè yà á, èyí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ọ̀nà tó ju ti àdìrẹ lọ fíìfíì. Modular ni wọ́n ń pè é. Ní 1984, ará Jámánì kan, Gerhard Frey, ní kí a gbà pé irọ́ ni Fermat pa, pé nọ́ńbà mẹ́ta yẹn wà. Ó fi wọ́n ya ìlà kan, ó sì ní ìlà náà á ṣàjèjì débi pé kò lè jẹ́ modular. Ken Ribet fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ Frey lẹ́yìn ní 1986. Ó wá ku kí ẹnì kan fi hàn pé àbá Taniyama àti Shimura jóòótọ́. Wiles ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Fermat láti ọmọ ọdún 10. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ fún ọdún méje. Ó kéde rẹ̀ ní Cambridge ní oṣù Kẹfà 1993, wọ́n rí ihò nínú rẹ̀, òun àti Richard Taylor dí ihò náà ní oṣù Kẹsàn-án 1994, ó sì jáde nínú ìwé ní 1995. Kì í ṣe gbogbo ìlà ló ṣe o. Ẹ̀yà tí ìlà Frey wà nínú rẹ̀ ló ṣe, ìyẹn sì ti tó: ìlà Frey ò lè wà, nọ́ńbà mẹ́ta náà ò lè wà.

Ó wá kan Chike Obi. Ọdún 1921 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí Yaba Higher College, ó gba oyè Yunifásítì London, ó wá dé Cambridge, níbi tó ti gba PhD ní 1950. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba PhD nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó kọ́ni ní UNILAG, ó sì tún dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ láàárín kan. Ní 1997, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní òun ti rí ẹ̀rí kúkúrú fún àbá Fermat, èyí tí kò nílò ìlà tó tẹ̀ kankan. Jọ́nà kan tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò dúró. Àti pé ká tilẹ̀ ní ó dúró, ti Wiles ti jáde ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Nítorí náà, bàbá onífìlà abetí ajá ò jàre.

Ohun tó dùn mí jù ni pé oríkì tí kì í ṣe tirẹ̀ la fi ń kì í, tirẹ̀ gan-an wà nílẹ̀ tí a ò mọ̀. Ẹ rántí jangilọ́fà tí a ń gùn nígbà tí a wà ní kékeré. Tí wọ́n bá rọra fì ọ́, sine ti tó láti sọ ibi tí o máa wà. Tí wọ́n bá fì ọ́ lọ sókè gan-an, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí o tó padà, sine á sì máa ṣìṣe. Fọ́ńkíṣọ̀n Abel àti Jacobi ló ń sọ ọ́ ní pàtó. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń mì tí wọ́n le ju jangilọ́fà lọ, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ rédíò, tí àwọn fọ́ńkíṣọ̀n wọ̀nyẹn pàápàá ò tó fún. Mary Cartwright àti Littlewood ti ń bá irú wọn jìjàkadì ní Cambridge láti ìgbà ogun. Ìbéèrè tí Chike Obi gbé dání nìyẹn: nígbà wo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń padà síbi tó ti gbéra, tí a á sì mọ̀ dájú pé ó máa padà, bí a ò tilẹ̀ lè kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀? Iṣẹ́ tó jáde nínú àwọn jọ́nà London àti Cambridge nìyẹn, ó sì dúró. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, ní ọdún mẹ́wàá kí a tó gba òmìnira. Kò dá nìkan wà pẹ́: Adegoke Olubummo, ọmọ Èkìtì, gba PhD tirẹ̀ ní 1955 ní Newcastle, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, James Ezeilo gba tirẹ̀ ní Cambridge ní 1959.

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníbáàgì náà ò sì jàre tán. “Òyìnbó ni” rẹ̀ yẹn gbójú fo Taniyama àti Shimura.

Ẹgbẹ́ wa jókòó lé ọ̀rọ̀ orúkọ lórí nígbà tí mo mú àkọsílẹ̀ yìí wá. Elliptic curve ni Òyìnbó ń pe ìlà náà, bẹ́ẹ̀ kò rí bí ẹyin rárá. Ìtàn ló fún un lórúkọ. Mo ní ká pè é ní ìlà aládìrẹ. Ẹnì kan ní ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní èdè ìperí á ní ibo ni aró wà. A ò tíì fẹnu kò. Àwọn ọmọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 ì bá ti bá wa dá sí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún bá bàbá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Pleasure. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ti Chike Obi, wọn ò bínú tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ní fóònù dání, wọ́n ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ní, “Bàbá, ìlà tí mò ń wí yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ yìí.” Òótọ́ sì ni. Ní 1985, Koblitz àti Miller, kálukú lọ́tọ̀, ló ronú kan án. Mú ojú méjì lórí ìlà náà, fi rúlà so wọ́n pọ̀, rúlà á gba ojú kẹta kọjá. Yí ojú kẹta náà po sí òdìkejì, èyí ni àròpọ̀ méjèèjì. Euler ti rí gbòǹgbò irú àròpọ̀ yìí nínú ìwé Fagnano. Tí o bá ro ojú kan mọ́ ara rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà, ẹni tó bá rí ibi tó o parí sí ò ní lè mọ iye ìgbà tó o rò ó, bí ẹni tó rí ata lílọ̀ tó fẹ́ fi to odidi ata padà. Ìlà tí WhatsApp ń lò, Curve25519, Daniel Bernstein ló gbé e kalẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2016 ló ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ń lò ó.

Bàbá wo fóònù wọn, wọ́n tún wò mí. “Olubummo tó o dárúkọ yẹn, ọmọ Èkìtì ibo ni?” Mo ní Orin-Èkìtì. Wọ́n yíjú sí àwọn tó kù: “Ẹ ẹ̀ rí i? Mo sọ fún yín!” Kí n tó ṣàlàyé pé Olubummo kọ́ ló ṣe WhatsApp, fẹ́ńdọ̀ ti dá sí i: “Àńtí, ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ gbé dání látàárọ̀ yẹn, ṣé ẹ máa rà á ni?”