Ìyẹ̀wù Inú Ọpọlọ

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá sì fi èdè Yorùbá kọ̀wé lórí iṣẹ́ tí Walter Dandy, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, gbé jáde lọ́dún 1918, àfi kí ó kọ́kọ́ wo inú agbárí dáadáa. Àyè mẹ́rin ń bẹ láàárín ọpọlọ ènìyàn, omi tí ó mọ́ gaara kún inú wọn, ọ̀nà tóóró sì so wọ́n pọ̀. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pè wọ́n ní ihò, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ìyá tí a bá sọ fún pé ihò ń bẹ nínú ọpọlọ ọmọ rẹ̀ yóò ti ké gbàjarè kí á tó dé ìdí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ bí Elédùmarè ti dá gbogbo wa nìyẹn. Ikùn kékeré ni orúkọ wọn túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ikùn tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sórí oúnjẹ? Ìyẹ̀wù ni tèmi: ó wà ní inú lọ́hùn-ún, ó ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣeé gbà bọ́ sínú òmíràn.

X-ray nìkan kò lè fi ìyẹ̀wù wọ̀nyí hàn, nítorí bákan náà ni omi àti ọpọlọ ń rí lójú fíìmù. Dandy fa omi náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ìyẹ̀wù sì yọ dúdú kedere, débi pé bí kókó bá ń ti ọ̀kan wọ́, tàbí bí ọ̀nà kan bá dí, oníṣègùn yóò rí i. Agbárí àgbàlagbà, lílu ni wọ́n ń lu ú. Ti ọmọdé tí àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dí, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Àwùjẹ̀! Àwọn ìyá wa tí ń wẹ ọmọ, tí ń fọwọ́ pẹ̀lẹ́ kan ibi rírọ̀ tí ń lù kìkì látàrí, ti sọ ọ́ lórúkọ kí á tó gbúròó ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá tún lọ ṣẹ̀dá òmíràn, iṣẹ́ òfò ni ó ń ṣe.

Yíya àwòrán ìyẹ̀wù ọpọlọ, bí mo ti pe iṣẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tí Dandy sì gbé èkejì rẹ̀ dé ní 1919, tí ó ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sókè, a kò nílò ju kí á fi ọ̀nà tí ó gbà kún orúkọ náà. Orí fífọ́ burúkú àti èébì ni aláìsàn ń fi san owó àwòrán yìí, títí di 1971 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT wo ọpọlọ aláìsàn ní London, tí ìyẹ̀wù fi hàn láìsí pé ẹnikẹ́ni fa omi inú rẹ̀.